Sẹ́ǹtì Tó Ń Ta Sánsán Bíi Kéèkì Nínú Ooru Ìbàdàn

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ra sẹ́ǹtì kan ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, irú èyí tó ń ta sánsán bíi kéèkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ààrò. Owó gidi ni mo fi rà á, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá fín in láàárọ̀, kí n tó dé Mọ́kọ́lá mi ò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ni mo bá tún máa ń fín in ní ọ́fíìsì. Àwọn tí a jọ jókòó wá ń sọ pé mò ń rùn bí ilé búrẹ́dì. Ọkọ mi ní ó ń fọ́ òun lórí. Ó tún ti ba búláòsì funfun mi jẹ́ lọ́rùn, àbàwọ́n rẹ̀ dà bíi ti tíì. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni, àbí ara mi ni kò gbà á? Ṣé kí n jù ú nù ni?”

Àbúrò mi, má tíì jù ú nù. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yìí, kò sí ẹyọ kan tó fi hàn pé ayédèrú ni, kò sì sí èyí tó fi hàn pé ara rẹ ní àléébù. Ohun tí mo rí ni pé ìwọ ò gbọ́ ọ mọ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ń gbọ́ ọ, ìwọ sì ń fi kún un nítorí pé o ò gbọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Imú rẹ ló ń tàn ọ́ jẹ, ooru ìlú wa sì ń ràn án lọ́wọ́. Mo ń po òróró olóòórùn, mo sì ń ta sẹ́ǹtì inú ìgò ní Ìbàdàn yìí; ẹjọ́ tó jọ tìrẹ kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé sẹ́ǹtì aládùn ni wọ́n sábà máa ń rò ó mọ́.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ná. Àwọn oníbàárà mi kan gbà pé ṣúgà ni wọ́n ń yọ́ sínú ọtí, pé bí èèyàn bá fín in tán, èèrà á wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Gbé imú sórí ṣúgà tó wà nínú agolo ní ilé ìdáná rẹ, o ò ní gbọ́ nǹkan kan, nítorí ṣúgà kì í fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ohun tí kò bá sì lè wọ inú afẹ́fẹ́ kò lè dé imú. Òórùn tí à ń pè ní òórùn ṣúgà, ti ìgbà tí iná bá ti rà á nínú ìkòkò díẹ̀ ni. Èròjà kan tó ń jẹ́ ethyl maltol ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú sẹ́ǹtì. Mo ní in nínú kọlọ́bọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù: ó funfun, ó rí wínníwínní, bí mo bá sì ṣí ìdérí rẹ̀ báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà á fi béèrè pé ta ló ń lá súwíìtì. Díẹ̀ kíún la máa ń lò nínú rẹ̀. Bó bá ti lé ní díẹ̀, gbogbo ohun yòókù tí a pò mọ́ ọn á dákẹ́, òun nìkan ni wọ́n á máa gbọ́.

Èkejì rẹ̀ ni vanillin, ìyẹn òórùn fàníílà. Fàníílà gidi jẹ́ èso òdòdó kan tí ilẹ̀ ìbí rẹ̀ jẹ́ Mẹ́síkò. Madagascar ló ń ta á jù lọ lágbàáyé báyìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń da akọ pọ̀ mọ́ abo òdòdó náà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n bí ojú. Ní ọdún 1874 ni àwọn ará Jámánì méjì kan, Ferdinand Tiemann àti Wilhelm Haarmann, rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe vanillin láìfọwọ́ kan èso yẹn rárá. Láti ìgbà náà ló ti di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Àwọn kọlọ́bọ̀ fàníílà olówó pọ́ọ́kú tí à ń rà ní Bódìjà láti fi ṣe kéèkì àti ṣin-ṣín, vanillin ilé-iṣẹ́ yìí ló pọ̀ jù nínú wọn, òun náà ló sì wà nínú sẹ́ǹtì. Nítorí náà, má bínú sí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ. Wọn ò bú ọ. Ohun tí àwọn oníkéèkì ń kán sínú ìyẹ̀fun gan-an lo fín sí ọrùn, imú wọn kàn sọ ohun tó gbọ́ ni.

Ẹ̀yà sẹ́ǹtì yìí ni àwọn tó ń ṣe é ń pè ní gourmand. Ọjọ́ pẹ́ tí fàníílà ti wà nínú sẹ́ǹtì o. Ilé Guerlain ní Faransé lò ó nínú Jicky ní 1889, wọ́n sì tún lo ìbátan rẹ̀ tó lágbára jù ú lọ nínú Shalimar ní 1925. Ṣùgbọ́n Angel, tí ilé Thierry Mugler mú jáde ní 1992, ló sọ ọ́ di ẹ̀yà tó dá dúró. Olivier Cresp tó pò ó kó ethyl maltol sínú rẹ̀ débi pé ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé ohun jíjẹ ni, ó wá fi patchouli tì í lẹ́yìn, ewé kan tí òórùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀ tútù lábẹ́ igi, kí adùn yẹn má baà súni. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ya wọ̀lú: Prada Candy ní 2011, La Vie Est Belle ti Lancôme ní 2012, Black Opium ní 2014. Èyí tí àwọn ọmọge Ìbàdàn ń béèrè lọ́wọ́ mi jù báyìí ni Khamrah, tí Lattafa ti ilẹ̀ Lárúbáwá gbé jáde ní 2022. Dàbínù, sínámọ́ọ̀nù àti fàníílà ló ń pariwo nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà kò gbẹ́yìn, nítorí Le Male ti Jean Paul Gaultier tí wọ́n ti ń fín láti 1995, fàníílà ló kún inú rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí àwọn ìyá kan tó máa ń sọ fún ọmọ wọn pé sẹ́ǹtì aládùn, ti ọmọdé ni. Irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ imú ló kàn, òun ló sì ṣe kókó jù. Iṣẹ́ imú ni láti ta wá lólobó nípa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: èéfín, gáàsì tó ń jò, ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná. Bí òórùn kan bá ti wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí kò sì ṣe èèyàn ní nǹkan kan, imú á pa á tì, á máa retí òmíràn. Ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí ilé búrẹ́dì kì í gbọ́ òórùn búrẹ́dì mọ́, àlejò rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Ọrùn tí o ń fín in sí, abẹ́ imú rẹ tààrà ló wà, láti ìṣẹ́jú tí o ti fín in ni imú sì ti ń mí i sínú láìsinmi. Kí ọkọ̀ rẹ tó dé Mọ́kọ́lá, ó ti kà á mọ́ afẹ́fẹ́ lásán. Sẹ́ǹtì náà kò lọ síbì kankan. Bí o bá wá tún fín in ní ọ́fíìsì, ìwọ á gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, inú rẹ á dùn. Ẹni tó jókòó tì ọ́ á gba ti òwúrọ̀ pọ̀ mọ́ ti ìsinsìnyí. Ó tún ní àwọn èròjà kan, pàápàá àwọn mísíkì (musk) tí wọ́n ń ṣe ní ilé-iṣẹ́, tí imú ẹlòmíràn kò lè gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fín ìdajì ìgò kó sì ní omi lásán ni.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá sẹ́ǹtì rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, má bi imú ara rẹ nígbà tó wà lára rẹ. Ní ọjọ́ tí o kò bá lọ síbi iṣẹ́, tí o kò sì fín nǹkan kan, fín in lẹ́ẹ̀kan péré sí aṣọ ìnujú tó mọ́, gbé e sórí tábìlì nínú yàrá, ti ilẹ̀kùn, kí o lọ jókòó síta fún nǹkan bí wákàtí kan. Bí o bá ti ṣílẹ̀kùn padà, kí o tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, o ti rí ìdáhùn. Ọ̀nà kejì ni kí o béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ nígbà tí o ń fín in. Bí ọmọ bá wà nílé, ọmọ ni kí o bi, nítorí ọmọdé kì í bojú wẹ̀yìn lórí ọ̀rọ̀ òórùn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń gbé kófì kalẹ̀ pé kí oníbàárà fi tún imú ṣe. Mi ò gbé e sí tèmi, nítorí afẹ́fẹ́ ìta ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìgbowó. Bó ò bá sì lè jáde síta, fi imú rẹ sí kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ níbi tí o kò fín nǹkan kan sí.

Wàyí o, ooru. Àwọn èròjà inú sẹ́ǹtì kì í gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó fúyẹ́, bí òórùn ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù, ló ń kọ́kọ́ fò lọ. Èso àti òdòdó á tẹ̀lé wọn. Àwọn tó wúwo, bíi vanillin, igi olóòórùn àti oje igi, á wá kù sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á sì wà lára aṣọ di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Bí èèyàn bá fín sẹ́ǹtì ọlọ́sàn jù, ìyà rẹ̀ kì í pẹ́. Kó tó débi iṣẹ́, ó ti fò lọ. Sẹ́ǹtì aládùn kò ní ojú àánú bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló wúwo. Ooru ló sì ń gbé gbogbo wọn kúrò lára wọ inú afẹ́fẹ́. Ní oṣù Kejì àti Ìkẹta, ọ̀sán Ìbàdàn máa ń tó 34 tàbí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìwọ̀n tí obìnrin kan fín ní Paris nínú oṣù Kìíní, tí ó wọ súwẹ́tà lé, tí ó tún de kóòtù mọ́ ọn, tí òórùn rẹ̀ kàn ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n yẹn kan náà tí ìwọ fín sábẹ́ búláòsì fẹ́lẹ́ nínú oòrùn Dùgbẹ̀, á jáde bí ẹni tí wọ́n lé.

Ẹnìkan á ní Dubai gbóná ju Ìbàdàn lọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fín sẹ́ǹtì aládùn bí omi. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ inú ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde bọ́ sínú ọkọ̀ tó ní tirẹ̀, tí wọ́n ń gbà wọ ọ́fíìsì tó ní tirẹ̀. Èmi àti ìwọ, máíkírà la wọ̀. Wo inú máíkírà ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì: awakọ̀ ń wá ẹni kan ṣoṣo tó kù, àwọn tó wà lẹ́yìn ti fún mọ́ ara wọn, gíláàsì apá kan kò lè wálẹ̀, òógùn ti ń yọ lórí imú gbogbo yín, oòrùn ti ń ràn lé orí páànù. Bí ìwọ nìkan bá fín sẹ́ǹtì oníkárámẹ́ẹ̀lì, ìyẹn olóòórùn ṣúgà tí iná ti rà, lẹ́ẹ̀mẹ́fà níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa bá ọ wọ̀ ọ́ dé Dùgbẹ̀. Bí o bá sì dé ọ́fíìsì, wọ́n ti pa fèrèsé dé nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ ń yí po láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Òógùn náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé o kò dárúkọ rẹ̀. Òógùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn; àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé abíyá ló ń jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di òórùn. Sẹ́ǹtì ọlọ́sàn lè bá irú òórùn yẹn gbé fún ìgbà díẹ̀. Adùn kò lè bá a gbé rárá, ńṣe ni méjèèjì á pa pọ̀ di ohun kẹta tí kò ṣe é fẹnu sọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi sẹ́ǹtì aládùn bo òógùn àná mọ́lẹ̀, kó lọ wẹ̀.

Báwo ni wàá ṣe lò ó? O kò sọ iye ìgbà tí o ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ iṣẹ́, méjì ti tó, kí ó má sì lé. Kúrò lórí ọrùn. Fín ọ̀kan sí ikùn, lókè ìdodo, kí ìkejì lọ sẹ́yìn orúnkún tàbí sí ìgbọ̀nwọ́, kí ó bàa jìnnà sí imú rẹ, kí aṣọ sì bò ó. Ìgbà tí o bá wẹ̀ tán tí ara ti gbẹ, tí o kò tíì wọ aṣọ, ni kí o fín in, ó kéré tán ìdajì wákàtí kí o tó jáde nílé, kí ọtí inú rẹ̀ àti ariwo àkọ́kọ́ ti lọ kí o tó bọ́ sáàárín èèyàn. Bí ọyẹ́ bá ti jẹ́ kí ara rẹ gbẹ, fi ìpara tí kò ní òórùn pa ibẹ̀ kí o tó fín in, nítorí ara gbígbẹ kì í mú òórùn dúró. Òrí ní òórùn tirẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ lábẹ́ fàníílà, èmi náà wà lára wọn, ṣùgbọ́n dán an wò nílé kí o tó gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Má sì gbé ìgò náà lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Bó bá ti wà nínú báàgì rẹ, o ò ní lè mú ọwọ́ dúró.

Kí n má tàn ọ́, àwọn kan wà nínú sẹ́ǹtì aládùn tí kò yẹ ọ́fíìsì ní oṣù Kẹta bó ti wù kí a fín in mọ níwọ̀n. Khamrah jẹ́ ọ̀kan lójú tèmi, Angel náà sì jẹ́ ọ̀kan. Bí tìrẹ bá wà ní ìdí kan náà pẹ̀lú wọn, tọ́jú rẹ̀ fún àkókò rẹ̀. Àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí atẹ́gùn bá gbẹ tó sì tutù, ibẹ̀ ló ti ń dùn jù. Oṣù Kẹjọ tí òjò ń ṣẹ́, tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú. Àríyá alẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Abẹ́ kánópì ní ọ̀sán gangan, rárá o, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń bu jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹja díndín kiri; fàníílà lórí epo díndín máa ń rí bákan. Ó sì tún ku kánfọ̀. Bí aṣọ òkè rẹ bá ti sùn nínú àpótí pẹ̀lú kánfọ̀ látọdún tó kọjá, sá a sínú afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí o tó wọ̀ ọ́ lé sẹ́ǹtì aládùn. Mo ti bá wọn pàdé pọ̀ lára èèyàn, mi ò sì fẹ́ bá wọn pàdé mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ gan-an lo fẹ́ máa gbọ́ adùn lára rẹ, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni òróró olóòórùn, irú èyí tí àwọn bàbá wa ní Sábó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tùràrí. Kò ní ọtí tó máa gbé e fò, ara ló ń lẹ̀ mọ́, ẹni tó bá súnmọ́ ọ ló ń gbọ́ ọ, ẹni tó wà ní ìkángun yàrá kejì kò ní mọ̀. Ẹ̀kán kan sí ọrùn ọwọ́ ti tó. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń fi epo sí aṣọ, òróró ẹnìkan kì í sì í dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíràn, nítorí àwọn kan ń fi òróró lásán là á. Jẹ́ kí wọ́n kán an sí ọ lọ́wọ́, sanwó tíì fún ara rẹ, rìn yí Mọ́kọ́lá ká, kí o tó padà wá ná an. Ọ̀nà kejì ni kí o ra sẹ́ǹtì tí adùn rẹ̀ ní alábàárìn tó fúyẹ́: tíì, àtalẹ̀, ọsàn, àgbọn. Wo ara páálí pẹ̀lú. Eau de Toilette sábà máa ń ní èròjà olóòórùn tó tó 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, Eau de Parfum ń lọ sí bí 15 sí 20, Extrait ń gòkè ju ìyẹn lọ. Kò sí òfin tó de ilé-iṣẹ́ mọ́ ìwọ̀n yìí, nítorí náà má fi ọkàn tán an pátápátá. Fi ṣe atọ́nà ni.

Ní ti búláòsì rẹ, vanillin náà ló ṣe é. Bí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ bá ti bá a, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á ti ojú pupa rẹ́súrẹ́sú dé àwọ̀ tíì gan-an. Ìdí nìyẹn tí omi inú ìgò sẹ́ǹtì aládùn fi máa ń dúdú sí i bó bá ti ń pẹ́. Èèyàn púpọ̀ á sì gbé e wá bá mi pé ó ti bàjẹ́ tàbí pé ayédèrú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Bí òórùn rẹ̀ bá ṣì dára, àwọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Gbé ìgò náà kúrò lórí tábìlì dígí níbi tí oòrùn ti ń wọlé, kì í ṣe inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ń fi sí, tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù nínú páálí rẹ̀. Àbàwọ́n tó wà lára búláòsì, rẹ òwú sínú spírítì, tẹ̀ ẹ́ sí i lójú kan níbi tí kò hàn ná láti mọ̀ bóyá aṣọ náà gbà á, lẹ́yìn náà tẹ̀ ẹ́ sí àbàwọ́n gan-an, kí o sì fọ aṣọ náà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tútù. Má lọ̀ ọ́ kí àbàwọ́n tó jáde, ooru áyọ́ọ̀nù máa ń jẹ́ kó jókòó pa. Àbàwọ́n tó ti pé oṣù méjì lè má jáde tán o, mi ò ní ṣèlérí. Léèsì funfun àti aṣọ òkè aláwọ̀ fífẹ́lẹ́, má fín nǹkankan sí wọn láé.

Ayédèrú wá ńkọ́? Ó pọ̀ lọ́jà, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n bí sẹ́ǹtì ṣe pẹ́ lára tàbí kò pẹ́ kọ́ la fi ń dá a mọ̀. Mo ti rí ayédèrú tó wà lára títí di ọjọ́ kejì. Wo nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ìgò, kó bá èyí tó wà lára páálí mu. Wo ẹnu tó ń fín in: ti gidi máa ń tú jáde bí ìrì, ti ayédèrú sábà máa ń ta sí ojú kan. Bí òórùn ọtí bá ṣì ń gún ọ nímú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, fura. Bí iye owó rẹ̀ bá kéré jìnnà sí ti gbogbo ọjà, fura jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò òfìfo náà ní ọjà tirẹ̀, àwọn kan ń rà á láti fi rọ ohun mìíràn tà, nítorí náà fọ́ tìrẹ mọ́ inú ọ̀rá bó bá tán. Má sì pe sẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe láti jọ òmíràn ní ayédèrú. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ìgò ara rẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní ẹlòmíràn. Lórí tìrẹ gan-an, mi ò lè jókòó síbí kí n sọ pé ó dájú. Mi ò rí ìgò náà, o kò sì sọ orúkọ rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ, èyí tí kì í ṣe ti ọlọ́jà sẹ́ǹtì nìkan. Orí fífọ́ nítorí òórùn kì í ṣe àsọdùn, kì í sì í ṣe pé kò fẹ́ kí o gún régé. Àwọn tó ní irú ìfọ́rí tó ń mú apá kan orí, òórùn líle lè gbé e dìde fún wọn, àwọn tó ní ikọ́ fée náà sì wà tí sẹ́ǹtì máa ń dí lọ́nà ọ̀fun. Bi í léèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá sẹ́ǹtì yìí nìkan ni tàbí gbogbo sẹ́ǹtì, tàbí gáàsì ìdáná, tàbí oògùn ẹ̀fọn tí ẹ ń fín sínú yàrá lálẹ́. Bó bá jẹ́ èyí nìkan, gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan péré lábẹ́ aṣọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ní ìta yàrá ìbùsùn, kí o ṣí fèrèsé. Bí orí bá ṣì ń fọ́ ọ, gbé e fún àbúrò rẹ obìnrin tàbí kí o tà á, kí ẹ jọ wá ra òmíràn, kí òun fúnra rẹ̀ fi imú sí i kí o tó sanwó. Bí orí náà bá sì ń fọ́ ọ ní ọjọ́ tí o kò fín nǹkan kan, tàbí tí mímí ń ṣòro fún un, ẹ má fi sẹ́ǹtì ṣe àwáwí, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.